Ẹ Yéé Dá Gáàsì Lẹ́bi

Ẹ dárúkọ iṣẹ́ abẹ oníkámẹ́rà láàárín àwọn àgbà ní Ìgèdè-Èkìtì, kò ní pẹ́ tí ẹnìkan á fi ní, "Èyí tí wọ́n ń fẹ́ gáàsì síni níkùn yẹn? Ẹ má dán an wò o." Òmíràn á ní òun gbọ́ pé gáàsì náà kì í jáde tán, pé inú egungun ló ń sá sí. Ẹ gba Ìyìn kọjá dé Adó, kí ẹ bá àwọn tó kàwé sọ ọ́, ọ̀rọ̀ kan náà lẹ máa bá lẹ́nu wọn, àfi pé ó ti wọ kóòtù: "Iṣẹ́ abẹ yẹn dáa lókè òkun. Níbí, a ò ní ẹ̀rọ, a ò ní iná, àwọn dókítà ń sá lọ. Kò sí béèyàn ṣe lè dènà ìjàǹbá gáàsì nílẹ̀ yìí. Kí wọ́n yáa la ikùn bí wọ́n ṣe ń là á tẹ́lẹ̀."

Ọ̀rọ̀ yìí ti sú etí. Ẹni tí wọ́n fẹ́ fi abẹ kàn lẹ́tọ̀ọ́ láti bẹ̀rù, kò sẹ́ni tó bá a wí fún ìyẹn. Ohun tó ń bíni nínú ni pé wọ́n sọ ìbẹ̀rù tí kò nídìí di ọgbọ́n, wọ́n sì ń fi gba ìwòsàn tó rọrùn lọ́wọ́ àwọn tó nílò rẹ̀ jù. Àgbẹ̀ tó ń kọ ebè iṣu lẹ́yìn Ìgèdè kò lè fi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà jókòó sílé kí ojú ọgbẹ́ gígùn tó jinná. Ìyá tó ń tajà ní ọjà Ọba l'Adó kò lè ti ìsọ̀ rẹ̀ pa fún oṣù kan gbáko nítorí òkúta inú òróǹro. Àwọn gan-an ni iṣẹ́ abẹ oníhò kékeré wà fún. Àwọn gan-an ni wọ́n sì ń lé kúrò nídìí rẹ̀.

Kí ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀? Dókítà á dá ihò kékeré kan sí ìtòsí ìdodo, á gba ibẹ̀ fẹ́ kábọ̀n dáyọ́ksáìdì, ìyẹn CO2, sínú ikùn, kí ara ikùn lè gbéra kúrò lórí ìfun àti ẹ̀dọ̀, kí àyè lè wà láti ríran. Á ti kámẹ́rà tẹ́ẹ́rẹ́ wọlé, á dá ihò méjì tàbí mẹ́ta mìíràn fún irin iṣẹ́, á sì máa wo ohun tó ń ṣe lójú tẹlifíṣọ̀n. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń yọ apẹ́ńdíìsì àti àpò òróǹro tó kún fún òkúta. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń yẹ inú obìnrin wò nígbà tí ọmọ bá pẹ́ kó tó dé. Bí wọ́n bá parí, wọ́n á tú gáàsì jáde, wọ́n á rán àwọn ihò náà.

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ àwọn tó ń takò ó kọ́kọ́ dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó já a níyàn, torí kì í ṣe òmùgọ̀ ló ń sọ ọ́. Abẹ́rẹ́ tí ọ̀pọ̀ dókítà fi ń kọ́kọ́ fẹ́ gáàsì, ẹni tó mú un dání kò rí ibi tí ẹnu rẹ̀ dé. Bí ó bá ṣèèṣì bọ́ sínú iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá, gáàsì á bá ẹ̀jẹ̀ lọ sínú ọkàn, á dí ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà dé ẹ̀dọ̀fóró, aláìsàn sì lè kú kí wọ́n tó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Nǹkan bí ìdajì àwọn ìjàǹbá ńláńlá inú iṣẹ́ abẹ yìí, ibi ìwọlé àkọ́kọ́ ló ti ń ṣẹlẹ̀, kí iṣẹ́ gan-an tó bẹ̀rẹ̀. Bí ìwọlé bá tilẹ̀ lọ dáadáa, wàhálà kò tíì tán. CO2 ń wọnú ẹ̀jẹ̀, ó sì lè pọ̀ jù níbẹ̀. Ikùn tó wú ń ti àyà sókè, ẹ̀dọ̀fóró kò ní rí àyè tú. Awọ inú ikùn tó bá nà lójijì lè mú kí ọkàn lọ́ra, àní kó dákẹ́. Gáàsì lè gba abẹ́ awọ ara sá dé ọrùn, ó sì lè já wọ inú àyà. Ẹ wá fi iná tó ń lọ tó ń bọ̀ kún un. Ẹ fi dókítà akunnilóorun tó ti kó lọ sí London kún un. Nínú ìwádìí ńlá kan tí wọ́n ṣe ní orílẹ̀-èdè 25 ní Áfíríkà, Nàìjíríà wà lára wọn, tí ìwé Lancet gbé jáde ní 2018, iye àárín fún àwọn oníṣẹ́ abẹ, àwọn dókítà agbẹ̀bí àti àwọn akunnilóorun lápapọ̀ jẹ́ 0.7 fún ènìyàn 100,000. Kò pé ẹyọ kan.

Kò sí àròsọ kankan nínú gbogbo èyí. Ewu náà wà. Ìparí tí wọ́n fà yọ nínú rẹ̀ ni kò tọ́.

Gáàsì gan-an ni kó kọ́kọ́ bọ́ síwájú adájọ́. CO2 kì í ṣe gáàsì ìdáná. Kì í gbiná rárá, òun ni wọ́n ń rọ sínú irú àgbá kan tí wọ́n fi ń paná. Òun ló ń hó nínú mínírà. Gbogbo ẹni tó ń mí ló ń mí i síta tọ̀sán tòru. Kò sì ṣèèṣì rìn wọ yàrá iṣẹ́ abẹ. Ní 1901, nígbà tí Georg Kelling ní Jámánì kọ́kọ́ fi irin ìwòran yẹ inú ikùn ajá wò, afẹ́fẹ́ lásán tí wọ́n sẹ́ ló fẹ́ sí i. Nitrogen ló pọ̀ jù nínú afẹ́fẹ́ lásán, nitrogen kì í sì í tètè yòrò nínú ẹ̀jẹ̀. Bí ó bá bọ́ sínú iṣan, ó lè dúró síbẹ̀ kó dí i pa. Ní 1924, Richard Zollikofer ní Switzerland ní CO2 ni kí wọ́n máa lò, torí pé ó ń yòrò kíá, ẹ̀jẹ̀ á sì gbé e dé ẹ̀dọ̀fóró kí èèyàn mí i jáde. Ó ń yòrò nínú ẹ̀jẹ̀ ju ọ́síjìn lọ ní ìlọ́po tó lé ní ogún. Nígbà tí wọ́n dán an wò lára ajá, ìwọ̀n CO2 tó ń pa ajá bí ó bá wọ iṣan tó ìlọ́po márùn-ún ìwọ̀n afẹ́fẹ́ lásán tó ń pa á. Ó ti pé ọgọ́rùn-ún ọdún, nígbà náà, tí àwọn dókítà ti ń dènà ìjàǹbá gáàsì nípa gáàsì tí wọ́n yàn. Ta ló wá ní kò ṣeé dènà?

Ti inú egungun tí wọ́n ní gáàsì ń sá sí ńkọ́? Ìrora èjìká tí àwọn tó ti ṣe é máa ń ráhùn rẹ̀, òótọ́ ni. Gáàsì tó bá ṣẹ́kù sábẹ́ awọ tó pààlà àyà àti ikùn ló ń yọ iṣan ìmọ̀lára ibẹ̀ lẹ́nu, gbòǹgbò iṣan yẹn àti ti èjìká sì pàdé lọ́rùn, ni èjìká ṣe ń gba ìrora tí kì í ṣe tirẹ̀. Ọjọ́ díẹ̀ ni, á lọ. Bí wọ́n ṣe ń dín in kù kò sì ní àṣírí kankan: kí dókítà ṣí gbogbo ẹnu ihò sílẹ̀ kó tó rán an, kó rọra tẹ ikùn, kí akunnilóorun fún ẹ̀dọ̀fóró ní èémí gígùn bíi mélòó kan kí ó lè ti èyí tó kù jáde. Kí ni wọ́n fẹ́ rà lókè òkun kí wọ́n tó lè ṣe ìyẹn? Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni, pẹ̀lú sùúrù.

Abẹ́rẹ́ tí ojú kò rí ẹnu rẹ̀ ni wọ́n fi ń dẹ́rù bani jù, òun náà ló yẹ kéèyàn pẹ́ lórí rẹ̀ jù. János Veress, dókítà ará Hungary, ló ṣe abẹ́rẹ́ náà ní àwọn ọdún 1930, kò sì ní ikùn lọ́kàn nígbà náà. Àwọn alárùn ikọ́ ẹ̀gbẹ ló ń tọ́jú, inú àyà wọn ló ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí. Ó fi sípíríǹgì sínú rẹ̀, tó fi jẹ́ pé bí ẹnu mímú bá ti la ara kọjá, ẹnu kúńdú á yọ síwájú kó má baà gún ohun tó wà nínú. Síbẹ̀, ó ṣì ń ṣe àṣìṣe. Ní 1971, Harrith Hasson ní Chicago wá ọ̀nà mìíràn. Ó fi abẹ gé ojú kékeré sí ìdodo, ó ṣí i, ó fojú ara rẹ̀ rí i pé inú ikùn lòun wà, ó ti ọ̀pá tí ẹnu rẹ̀ kú wọlé, lẹ́yìn náà ló tó fẹ́ gáàsì. Ní 1997, H. J. Bonjer àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ kó àkọsílẹ̀ ọ̀nà méjèèjì jọ nínú British Journal of Surgery: iṣẹ́ abẹ 489,335 tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ wọ̀, àti 12,444 tí wọ́n kọ́kọ́ fojú rí. Nínú ti abẹ́rẹ́, ìjàǹbá iṣan ẹ̀jẹ̀ jẹ́ 0.075%. Nínú ti ojú rírí, òdo ni. Alátakò á ní iye iṣẹ́ abẹ ọ̀nà kejì kéré sí ti àkọ́kọ́. Ó kéré lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo àkọ́kọ́ náà dáadáa, èyí tí gbogbo ayé ń sá fún: ẹni 75 nínú 100,000. Ṣé èyí ni gáàsì tó ń pani bí ọ̀rọ̀ wọn ṣe ń dún létí?

Ó sì yẹ kí gbogbo ẹni tó ń sọ pé owó ni kò sí gbọ́ èyí: ọ̀nà tó dènà ìjàǹbá jù ló nílò ohun èlò tó kéré jù. Abẹ, òwú, ọ̀pá kan tí ẹnu rẹ̀ kú, àti dókítà tí kò kánjú. Àwọn tó ṣì ń lo abẹ́rẹ́ náà ní òfin tiwọn, kò sì sí èyí tó nílò owó nínú wọn. Kí gáàsì máa wọlé ní lítà kan péré láàárín ìṣẹ́jú kan níbẹ̀rẹ̀. Kí wọ́n wo ìwọ̀n ipá gáàsì tí ẹ̀rọ kọ́kọ́ kà. Bí ó bá ju 10 mmHg lọ, kí wọ́n fura pé abẹ́rẹ́ kò sí níbi tó yẹ, kí wọ́n fà á jáde. Bí aláìsàn bá ti ní àpá iṣẹ́ abẹ àtijọ́ nídìí ìdodo, kí wọ́n fi ibẹ̀ sílẹ̀, kí wọ́n gba abẹ́ egungun ìhà òsì wọlé, bí Raoul Palmer, dókítà kan ní Paris, ṣe kọ́ wọn. Ẹni tó mọ àwọn nǹkan yìí tí kò ṣe é, tí aláìsàn sì kú, ṣé gáàsì ló pa á?

Bí gáàsì bá ti wọlé, ipá tó fi ń ti ikùn ló kù. Kurt Semm, dókítà àwọn obìnrin ní Jámánì, ló ṣe ẹ̀rọ tó ń wọn gáàsì fúnra rẹ̀ ní àwọn ọdún 1960, tí kò fi jẹ́ pé ìfojúdíwọ̀n ni wọ́n ń fi ṣe iṣẹ́ mọ́. Ní 1980, ní Kiel, ó gba ihò kékeré yọ apẹ́ńdíìsì, ẹni àkọ́kọ́ tó ṣe é. Kí ni wọ́n fi san án fún un? Ààrẹ ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ abẹ Jámánì kọ̀wé pé kí wọ́n dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́ ìṣègùn. Ohun tí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ń sọ ní Jámánì nígbà yẹn, pé nǹkan eléwu ni, pé kí wọ́n máa la ikùn lọ, òun náà ni wọ́n ń sọ l'Ékìtì lónìí, bí ẹni pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín. Ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín ni pé wọ́n mọ ìwọ̀n. Láàárín 12 sí 15 mmHg ni ọ̀pọ̀ ń lò. Ní 2002, ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ abẹ oníkámẹ́rà ní Yúróòpù kọ ọ́ sílẹ̀ pé kí dókítà má di ìwọ̀n kan mú bí àṣà, kó lo èyí tó kéré jù lọ tó bá ṣáà ti jẹ́ kó ríran. Bí ọkàn bá sì lọ́ra nígbà tí ikùn ń wú, kò sí àdììtú níbẹ̀: kí wọ́n dá gáàsì dúró, kí wọ́n tú u sílẹ̀, kí akunnilóorun fún aláìsàn ní oògùn atropine, kí wọ́n dúró kí ọkàn padà sípò, kí wọ́n tún rọra bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìgbà, títú u sílẹ̀ nìkan ti tó.

Ẹni tó bá ń wá ìjàǹbá gidi, kó wo Odisha ní Íńdíà. Ní oṣù kọkànlá 2014, ìròyìn kárí ayé pé dókítà kan níbẹ̀ fi páńpù kẹ̀kẹ́ fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú àwọn obìnrin 56 tó wá fètò sọ́mọ bíbí. Páńpù kẹ̀kẹ́! Afẹ́fẹ́ lásán, tí wọ́n ti mọ̀ láti àkókò Zollikofer pé ó burú ju CO2 lọ. Kò sí ìwọ̀n, kò sí ohun tó ń ka ipá rẹ̀. Alátakò á ní, "Ẹ rí i? Ohun tí àìsí ẹ̀rọ ń fà nìyẹn." Rárá o. Wọ́n lè so ọ̀nà ẹyin obìnrin láti ojú kékeré tí wọ́n fi abẹ gé, láìfẹ́ gáàsì kankan, iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe káàkiri ayé fún ọ̀pọ̀ ọdún. Dókítà tí kò lẹ́rọ lọ́jọ́ náà lè ṣe ìyẹn, ó sì lè ní kí wọ́n padà wá. Ó gbé páńpù. Ọwọ́ ènìyàn ló gbé e, ìpinnu ènìyàn ló tì í. Ẹjọ́ kí ni gáàsì fẹ́ jẹ́ níbẹ̀?

Ẹ̀rọ kan ṣoṣo ló wà tí kò ṣeé fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn, òun sì ni capnograph, èyí tó ń ka CO2 inú èémí aláìsàn. Láàárín 35 sí 45 mmHg ló yẹ kó wà. Bí ó bá ń gòkè díẹ̀díẹ̀, gáàsì inú ikùn ń wọ ẹ̀jẹ̀ ju bí wọ́n ṣe ń mí i jáde lọ, tàbí ó ti ń sá lọ sábẹ́ awọ. Kí akunnilóorun fi kún èémí, kí oníṣẹ́ abẹ dín ipá kù, kí wọ́n fọwọ́ kan ọrùn àti àyà wò bóyá awọ ibẹ̀ ń dún wọ́rọ́wọ́rọ́ lábẹ́ ìka. Bí ó bá já wálẹ̀ lójijì tí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ náà sì ń já, kí wọ́n fura sí gáàsì inú ọkàn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀: kí wọ́n ti gáàsì pa, kí wọ́n tú ikùn sílẹ̀, kí wọ́n yí aláìsàn sí ẹ̀gbẹ́ òsì, kí orí rẹ̀ lọ sílẹ̀, kí wọ́n fún un ní ọ́síjìn gidi láìlábùlà. Ìṣẹ́jú àáyá ló ń pinnu rẹ̀. Èyí ni ẹ̀rọ tí wọ́n ní kò sí. Ó dáa, ta ló ra kámẹ́rà, tẹlifíṣọ̀n, iná ìwòran àti ẹ̀rọ gáàsì, tó wá ní owó tán nígbà tó kan èyí tí iye rẹ̀ kéré gan-an sí tiwọn? Ta ló ń ra mọ́tò tí kò ní bíréèkì, kó wá máa bú òpópónà? Ilé-ìwòsàn tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ kò lẹ́tọ̀ọ́ láti ní òun kò lówó. Ohun tó fi owó rẹ̀ rà ló yẹ kó dáhùn fún.

Àwọn tó ń sọ ọ̀rọ̀ iná àti dókítà tó ń sá lọ, wọn kò parọ́, ṣùgbọ́n wọn kò ronú dé ìdí rẹ̀. Iná tó lọ kì í fẹ́ gáàsì sínú iṣan ẹnikẹ́ni. Bí ẹ̀rọ bá kú, gáàsì kò wọlé mọ́, ikùn á rọ̀ ni. Òkùnkùn tó bo tẹlifíṣọ̀n yẹn náà ló ń bo ikùn tí wọ́n là sílẹ̀. Yàrá iṣẹ́ abẹ tí kò ní iná tó dájú kò yẹ fún iṣẹ́ abẹ kankan, yálà oníhò kékeré tàbí olójú gbọọrọ. Akunnilóorun tó lọ London ńkọ́? Ẹni tí wọ́n fẹ́ la ikùn rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, ta ni yóò kùn ún lóorun?

Kò sí ìdí tí ẹnikẹ́ni fi gbọ́dọ̀ wo Jámánì kó tó gbà pé ó ṣeé ṣe. Kó wo Ilé-Ifẹ̀. Ní 2009 ni ẹ̀ka iṣẹ́ abẹ ilé-ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gba ihò kékeré ṣiṣẹ́ nínú ikùn. Ní 2013, Adéwálé Àdísá àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé Surgical Endoscopy bí wọ́n ṣe fi ohun tó wà nítòsí wọn mú iṣẹ́ náà fìdí múlẹ̀ ní ìlú tí kì í ṣe Èkó, tí kì í ṣe Àbújá. Iná tó ń lọ l'Ékìtì ń lọ ní Ifẹ̀ náà. Bí ó bá sì jẹ́ pé gáàsì gan-an lẹ̀rù ń ba èèyàn, tí kì í ṣe pé ó ń wá àwáwí, ó tún ní ọ̀nà. Ní ìhà àríwá ìlà-oòrùn Íńdíà, J. Gnanaraj àti àwọn oníṣẹ́ abẹ ìgbèríko ń fi irin gbé ara ikùn sókè dípò kí wọ́n fẹ́ gáàsì sí i, wọ́n sì lè ṣe é pẹ̀lú abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn, láìkun aláìsàn lóorun pátápátá. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n Yunifásítì Leeds bá wọn tún irin náà ṣe. Ǹjẹ́ ẹnikẹ́ni lára àwọn tó ń pariwo gáàsì ti bèèrè pé kí wọ́n gbé irú irin bẹ́ẹ̀ wá sí Èkìtì? Wọn kò bèèrè, torí gáàsì kọ́ ni wọ́n ń bá jà.

Ohun tó ń dá ìjàǹbá dúró nínú yàrá iṣẹ́ abẹ kì í sábà wọ́n. Ní 2009, ìwé New England Journal of Medicine gbé èsì ìwádìí kan jáde láti ilé-ìwòsàn mẹ́jọ ní ìlú mẹ́jọ láyé, ọ̀kan lára wọn wà ní Tanzania. Ìwé ìbéèrè tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣe, ìbéèrè 19, ni wọ́n ń kà sókè kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ abẹ àti kí wọ́n tó parí. Ikú lọ sílẹ̀ láti 1.5% sí 0.8%. Bébà ni o! Ní 2022, èsì ìwádìí mìíràn jáde láti ilé-ìwòsàn 81 ní orílẹ̀-èdè méje, Nàìjíríà àti Benin wà níbẹ̀: níbi tí wọn kò ti yí àṣà wọn padà, ìkéèràn ojú ọgbẹ́ jẹ́ 18.9%, níbi tí wọ́n ti ń pààrọ̀ ìbọ̀wọ́ àti irin iṣẹ́ kí wọ́n tó rán ikùn, 16.0% ni. Ìbọ̀wọ́ tuntun. Bí ìbọ̀wọ́ àti bébà bá lè ṣe èyí, kí ló dé tí wọ́n fi ń sọ pé ìjàǹbá gáàsì, tí ìdènà rẹ̀ jẹ́ sùúrù níbi ìwọlé, ìwọ̀n tó kéré àti ojú tí kò kúrò lára ẹ̀rọ, ju agbára àwọn lọ?

Ikùn lílà tí wọ́n fi ń ṣe ibi ìsádi wá ńkọ́? Kò sẹ́ni tó ń bi í léèrè. Ìwádìí GlobalSurg tí wọ́n gbé jáde ní 2018 wo ènìyàn 12,539 tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ inú fún ní orílẹ̀-èdè 66. Ní àwọn orílẹ̀-èdè tí ìgbé ayé ti nira jù, ojú ọgbẹ́ kẹ̀ lára 23.2%, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ẹnìkan nínú mẹ́rin. Ní àwọn tó rọ̀ ṣọ̀mù jù, 9.4% ni. Ẹ wá fi 75 nínú 100,000 ti abẹ́rẹ́ yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ 23 nínú 100 ti ojú ọgbẹ́. Èwo ló yẹ kó ba aláìsàn lẹ́rù ní Ìgèdè? Ìwádìí orílẹ̀-èdè 25 tó kọ́kọ́ jẹyọ lókè tún sọ ohun tó le ju bẹ́ẹ̀ lọ: 2.1% àwọn tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún ló kú, ìlọ́po méjì ti gbogbo ayé, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ orí wọn kéré, ara wọn sì le ju ti àwọn aláìsàn ibòmíràn lọ. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, lẹ́yìn ọjọ́ iṣẹ́ abẹ ni wọ́n kú, lórí ibùsùn, nígbà tí ojú ti kúrò lára wọn. Ìkéèràn ló ṣe wọ́n jù. Gáàsì kò sí níbẹ̀. Ọgbẹ́ gígùn wà níbẹ̀, ìdùbúlẹ̀ gígùn wà níbẹ̀, nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo tó ń ṣọ́ wọ́ọ̀dù wà níbẹ̀.

Ìjàǹbá gáàsì ṣeé dènà. Ó ṣeé dènà ní Kiel, ó ṣeé dènà nílé-Ifẹ̀, ó ṣeé dènà ní ilé-ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ l'Adó, ní ti ìjọba àpapọ̀ ní Ìdó, àti ní ilé-ìwòsàn Yunifásítì Afẹ́ Babalọlá. Dókítà tó fojú rí inú ikùn kó tó fẹ́ gáàsì, tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, tó lo ipá tó kéré jù, tó ní akunnilóorun tó lè ní "Ẹ dúró!" tí òun náà á sì dúró láìjanpata, tó sì tú gáàsì tán kó tó rán ara, kò ní ohun tó ń bẹ̀rù lọ́wọ́ gáàsì. Èyí tí kò ṣe bẹ́ẹ̀, kò yẹ kí wọ́n gbà á láyè nídìí kámẹ́rà, kò sì yẹ kí wọ́n gbà á láyè nídìí ikùn tí wọ́n là sílẹ̀ náà. Kí àwọn aláṣẹ ilé-ìwòsàn yéé ra kámẹ́rà láìra capnograph. Kí àwọn tó kàwé yéé fi àìsí iná bo àìṣọ́ra mọ́lẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ sì ń lọ fún iṣẹ́ abẹ, ẹ má bèèrè bóyá gáàsì wà níbẹ̀. Ẹ bi dókítà yín bí yóò ṣe wọ inú ikùn, ìwọ̀n tí yóò lò, ẹni tí yóò máa ka CO2 èémí yín, àti ohun tí wọ́n máa ṣe bí ó bá já wálẹ̀ lójijì. Bí ó bá dáhùn tààrà, ẹ gun tábìlì. Bí ó bá ń ká ọ̀rọ̀ mọ́nu, ẹ gbé káàdì yín, kí ẹ lọ ibòmíràn.